Àwọn Ará Sánítárì Dé sí Ilé Mọ̀núrù Ọlọ́gòǹgò

Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ìtìjú, ó jọ pé iwájú dígí ni Alhaji Mọ̀núrù wà. Nígbà tó máa fi débẹ̀, wọ́n ti pín in tán.

Agboolé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, lẹ́yìn títì Adéníji Adélé. Àwọn ẹbí yòókù ti kó lọ sí Ìkòròdú. Kàkà kí Alhaji fi yàrá wọn gba ayálégbé, ẹranko ló kó sí i: ògòǹgò méjì, ọ̀nì kan, ọ̀kín kan tí ìrù rẹ̀ ti tán, àti àwọn ọ̀bọ tí ẹnikẹ́ni ò rí kà torí pé wọn kì í dúró. Ó kọ SANCTUARY, ìyẹn ibi ààbò ẹranko, gàdàgbà sára géètì, ó wá fún ara rẹ̀ lóríkì: Mọ̀núrù Ọlọ́gòǹgò, Bàbá Ẹranko, Àjànàkú Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn aládùúgbò fi tiwọn kún un: Ajíṣefínní tí kì í gbálẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn ẹranko náà kọ́. Ohun tó bá jẹun á ṣu. Ti Alhaji sì ń jẹun gan-an.

Ganiat, opó tó jẹ́ àgbà obìnrin agboolé kejì, ló kọ́kọ́ lọ bá a. Kànga kan ṣoṣo ló wà lágboolé wọn, òun ni tọmọdé tàgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Omi náà ti ń rùn, ìrun gbogbo ilé sì ti di iyèméjì.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ ẹranko yín. Omi kànga wa ti bà jẹ́.”

“Ẹ fara balẹ̀, Alhaja. Òórùn ọlá lẹ̀ ń gbọ́. Ìgbẹ́ ògòǹgò kì í ṣe ẹgbẹ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́.”

“Ìgbẹ́ ni ìgbẹ́ ń jẹ́. Sánítárì yín yìí ló ń dà á sí wa lára.”

Alhaji fọwọ́ bo etí. Ó lè fara da kí wọ́n pe ilé rẹ̀ ní àkìtàn, àmọ́ kí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ pè, ọkàn rẹ̀ ò gbà á. “Kì í ṣe Sánítárì. Ẹ pè é tẹ̀lé mi. Sáń. Kí. Ṣu. Á. Rì.”

“Ṣu tó wà láàrin yẹn gan-an ni mo bá wá, Alhaji.”

Ló bá ní kí wọ́n sin Alhaja jáde.

Ganiat kò tún bá a jà. Ó wé gèlè rẹ̀, ó di káńsù. Ó bá obìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìmọ́tótó. Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣeré.

“Mo wá fẹjọ́ Sánítárì sùn ni.”

“Àwa ni Sánítárì, mà. Kí la ṣe?”

“Ẹ̀yin kọ́. Sánítárì ti ẹ̀yìn Adéníji ni. Àwọn ló ń da ìgbẹ́ sí kànga wa.”

Títílayọ̀ dìde. Ó dá a lójú pé gbájúẹ̀ kan ti lọ dá ayédèrú ọ́fíìsì tiwọn sílẹ̀ níbòmíì. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó di ọ̀nà Adéníji.

Bẹ́ẹ̀, àlejò mìíràn ni Alhaji ń retí ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ẹranko kan ní Ìkòyí ti ránṣẹ́ pé àwọn máa wá wo ibẹ̀, bó bá wu àwọn, àwọn á fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ló ń wọ agbádá funfun, tó sì ń gbé ọrùn sókè kí wọ́n lè rí i kọ́ ọ.

Jímọ̀, tó ń ṣọ́ géètì, sáré wọlé. “Alhaji, àwọn kan dé o. Wọ́n ní àwọn ará Sánítárì ni wọ́n.”

“Sáńkíṣuárì, Jímọ̀.”

“Sánítárì ni wọ́n pè é, sà.”

“Wọ́n ń bá ẹ sọ èyí tó yé ẹ ni. Ṣí géètì náà gbayawu, káráyé lè rí wa.”

Jímọ̀ ṣí i gbayawu. Aráyé wọlé. Ganiat àti ìdajì àdúgbò tò sẹ́yìn àwọn oníyunifọ́ọ̀mù. Inú Alhaji dùn débi pé ó gbàgbé láti béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe.

“Sà,” Títílayọ̀ ní, “ṣé ẹ ní pámíìtì?”

Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọgbọ́n orí òun ni wọ́n fẹ́ dán wò. “Mo ní in. Ti adìẹ ni mo gbà.”

“Ti adìẹ?”

“Ohun tó bá ti ń yé, adìẹ ni. Ògòǹgò ń yé. Ọ̀nì ń yé.”

“Ọ̀bọ ńkọ́?”

Alhaji ronú díẹ̀. “Àwọn yẹn ń jẹ ẹyin.”

“Ta ló ń bá yín kó ìdọ̀tí wọn?”

“Kí lẹ fẹ́ kí n máa bẹ èèyàn sí? Páìpù ni mo sin sábẹ́ ògiri, gọ́tà tó gba ẹ̀bá kànga ni mo darí ẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“A ti mọ̀ báyìí,” Ganiat dáhùn látẹ̀yìn.

Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò, ṣùgbọ́n òfòrò kì í pe àpèjọ kó tó sọ tirẹ̀.

“Alhaji,” Títílayọ̀ fohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un, “ẹ mọ̀ pé wolé-wolé ni wá?”

Wolé-wolé. Alhaji rántí bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe máa ń da omi àmù nù bó bá ti gbúròó wọn lójúde.

“Wọ́n ń parọ́ mọ́ mi ni,” ló ní. “Omi kànga yẹn mọ́ ju omi inú ìgò lọ.”

Ibi tó sọ ọ́ dé ni ladáánì pe ìrun Àsárì. Ganiat ti fa omi kànga wọn kún kẹ́tù wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. “Kò burú, Alhaji. Ẹ bá wa fi ṣe àlùwàlá.”

Kò síbi tó fẹ́ sá gbà. Ó káwọ́ agbádá sókè, ó fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀ kọjá iye tí ẹ̀sìn sọ.

“Ẹnu ló kàn, Alhaji,” ni gbogbo wọn wí.

Ó bu omi náà, ó gbé e súnmọ́ ètè. Òórùn rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó da omi náà sílẹ̀.

“Mi ò lè fi ìgbẹ́ yọ ẹnu,” ló rọra sọ.

Ó rọra sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jímọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣòfò. Ó kọjú sí àwọn tó wà lójúde: “Wọ́n ní àwọn ò lè fi ìgbẹ́ yọ ẹnu o.”

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà dé CMS. Àwọn wolé-wolé dí páìpù náà pa. Wọ́n pe àwọn tó mọ ìtọ́jú ẹranko kí wọ́n wá kó wọn, wọ́n sì pàṣẹ pé kí Alhaji wá ẹni tó máa fọ kànga náà mọ́. Ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní Alhaji fúnra rẹ̀ ni yóò rù ú dé ìdí ọkọ̀ akólẹ̀ lẹ́nu títì.

Bó ṣe gbé garawa àkọ́kọ́ karí jáde, àdúgbò ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọn ò bú u. Wọ́n kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji.”

“Ẹ kú ẹrù o, sà.”

Bó bá dáhùn, òórùn á wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá sì dáhùn, wọ́n á ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ò lẹ́kọ̀ọ́. Ganiat ló kẹ́yìn ìlà. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kí i tọkàntọkàn, kò sì dìde títí Alhaji fi la ẹnu.