Ẹfọ̀n Tí Wọ́n Kà Mọ́ Ènìyàn

Ẹjọ́ kan dé abẹ́ igi dóńgóyárò lánàá, níwájú Nathi Bai, olórí abúlé wa. Ìyá Dhapu ló pe Harlal, ọmọ bíbí inú rẹ̀, lẹ́jọ́. Nígbà tí ìjọba wá ka orí gbogbo wa lóṣù tó kọjá, Harlal yọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ka Bijli. Ẹfọ̀n ni Bijli o, èyí tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ láràárọ̀.

Ìgbìmọ̀ ti pé. Àwọn Gújárì darandaran jókòó sápá kan, àwọn amọ̀kòkò sápá kejì. Àwọn oníṣẹ́ awọ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, torí àwọn yòókù ò fẹ́ kí òjìji wọn kan àwọn, bẹ́ẹ̀ bàtà tí wọ́n rán ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ìgbìmọ̀.

Ìyá Dhapu ò pariwo.

“Wọ́n ń pín àlìkámà fáwọn tó wà nínú ìwé. Mo débẹ̀, wọ́n ní mi ò sí. Mo ní èmi rèé. Wọ́n ní ìwé ò rí mi.”

Nathi Bai bi Harlal bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Harlal ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ò jẹ̀bi.

“Tíṣà ní kí n dárúkọ àwọn tó ń gbé ilé yìí. Mo rò pé àwọn tó ń gbé e ró ló ń wí. Bijli ń mú wàrà wá. Kí ni Ìyá ń mú wá?”

Tíṣà Girdhari, tó ka orí, ní ohun tóun gbọ́ lòun kọ: Bijli, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti bímọ mẹ́ta. Nathi Bai bi í bóyá ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti bímọ mẹ́ta ò yà á lẹ́nu. Ó ní oòrùn mú, ogójì ilé ló sì kù fóun.

Sugni, ìyàwó Harlal, búra pé ìyá ọkọ òun ò sí nílé lọ́jọ́ náà, odò ló lọ. Moti amọ̀kòkò, tí ògiri wọn pààlà, ní irọ́ ni: ìyá wà nídìí ọlọ, ìyá náà gan-an ló bu omi fún Tíṣà. Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní òun mu omi lóòótọ́, òun ò kàn wo ẹni tó bù ú.

Ẹ̀rín tá a ti ń rín sí ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n tán lẹ́nu wa.

Nathi Bai wá dájọ́. “Ìwé ìjọba kì í purọ́. Bijli ti di ènìyàn. A kì í so ènìyàn mọ́ èèkàn, a kì í sì í fún ọmú ènìyàn lọ tà lọ́jà. Ẹ tú u sílẹ̀. Harlal, òun ni kó máa lọ àlìkámà, kó máa fi ìyẹ̀fun rẹ̀ yan búrẹ́dì rótì fún ẹ. Ìyá Dhapu ò sí nílé rẹ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa jẹun títí ìjọba yóò fi tún wá kà wá.”

Ẹnì kan ní ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Nathi Bai ní òun mọ̀.

Harlal dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ní kó dákun, kó jẹ́ káwọn máa lọ sílé.

Ìyá Dhapu wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ta lọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀?” ló wí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó sì bá Nathi Bai wọlé lọ jẹun.