Ọjọ́ Tí Amọ̀nà Fi Àlejò Sílẹ̀ Gun Igi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kó àlejò lọ wo ẹranko lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Àdúgbò Lasunwon n'Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí. Ẹranko tí mo mọ̀ kò ju ewúrẹ́, ajá àti alángbá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí màdáàmù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àlejò wọ igbó bi mí pé, "Ṣé o mọ ẹranko igbó dáadáa?" ojú mi ò tiẹ̀ ṣẹ́.

"Láti kékeré ni, mà."

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń wáṣẹ́ nígbà náà. Ká ní wọ́n bi mí bóyá mo lè fò, ibi tí wọ́n fẹ́ kí n fò lọ ni ǹ bá bi wọ́n.

Àwọn ìyá mẹ́rin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà n'Ìkòròdú ni àlejò mi àkọ́kọ́. Ìyá Adébọ̀wálé ni olórí wọn. Bàbá Oríyọmí, ará Ìlàjẹ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń wa ọkọ̀.

A ò tíì rìn jìnnà tí ẹyẹ funfun kan fi bà sórí koríko. Mo yára nawọ́ sí i. "Ẹ wò ó o! Ẹyẹ yìí ṣọ̀wọ́n gan-an. Òkè òkun ló ti ń wá."

Ìyá Adébọ̀wálé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ọmọ mi, lékeléke nìyí. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gan-an mọ̀ ọ́n."

Bàbá Oríyọmí wúkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Mo ní lọ́kàn mi pé tí a bá dé etí igbó, n ó tún orúkọ mi ṣe. Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi, kí wọ́n má bẹ̀rù ohunkóhun. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ kejì, ewé mì, nǹkan gígùn kan tó ní ìpẹ́ lára yọrí, ó na ahọ́n sí mi.

"Ọ̀nì o!"

Bí mo ṣe dórí igi, mi ò lè sọ. Bàtà mi kan wà nínú ẹrẹ̀, àwọn ìyá tí mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù sì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń wò mí.

"Awọ́nríwọ́n ni, kì í ṣe ọ̀nì," Bàbá Oríyọmí sọ jẹ́jẹ́. "Ó ti sá lọ. Ìwọ lo dẹ́rù bà á. Sọ̀ kalẹ̀."

Ǹ bá rọra sọ̀, àmọ́ ilé tanpẹ́pẹ́ ni igi náà. Wọ́n gba ọrùn wọlé, wọ́n gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọlé. Mo já bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo sì ń bọ́ aṣọ níwájú àwọn tó tó ìyá bí mi. Ìyá Adébọ̀wálé ju ìborùn rẹ̀ sí mi. "Gbà, dà á bora. Ṣé kò ta ọ́ lójú?" Àánú yẹn dùn mí ju tanpẹ́pẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń padà, Bàbá Oríyọmí ṣàdédé pa ẹ́ńjìnnì. Àgbọ̀n ló fi júwe. Ọ̀nì gidi nà gbalaja sórí ẹrẹ̀, ó yanu, ó ń yáàrùn. Ìyá Adébọ̀wálé di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti lé láàádọ́rin ọdún," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mi ò rí i rí."

"Èmi náà ò rí i rí, mà." Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, màdáàmù béèrè bí ìrìn àjò ṣe rí. Mo ti gbà pé iṣẹ́ ti bọ́.

"Ọmọ yín ò mọ nǹkan kan," ni Ìyá Adébọ̀wálé wí. "Àmọ́ ẹ má lé e. Ẹ fà á lé Bàbá yìí lọ́wọ́, kó kọ́ṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi oṣù mẹ́fà gbọ́n omi inú ọkọ̀, tí mo ń gbọ́ orúkọ ẹyẹ àti ẹranko lẹ́nu Bàbá Oríyọmí, kí màdáàmù tó tún fi àlejò lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn: ohun tí mi ò bá mọ̀, mo ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, sọ orúkọ ẹyẹ kékeré kan fún mi, èyí tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo dúpẹ́. Ìgbà tó lọ tán ni mo bú sẹ́rìn-ín: ẹni tó sanwó pé kí n wá kọ́ òun ló kọ́ mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gba owó ọ̀hún.