Lẹ́dà Tí Kò Lẹ́dà

Lábẹ́ igi máńgòrò kan ní àdúgbò Plateau, nílùú Ṣábẹ̀ẹ́, Lùkúmọ́nù aránbàtà ń fi abẹ́rẹ́ ńlá gún awọ màlúù. Ọmọ rẹ̀, Safiatou, jókòó tì í, ó ń kàwé sókè, nítorí ọ̀la ni wọ́n máa fi ẹnu dán an wò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá yege, á tún kíláàsì kà ni. Lùkúmọ́nù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun ló máa ràn án lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń sọ nínú ìwé yẹn?"

"Fáṣọ̀n ni, Bàbá."

"Ta ló ń fa aṣọ? Kó má fà á ya o."

"Kò sẹ́ni tó ń fa aṣọ. Fáṣọ̀n ni aṣọ ìgbàlódé. Fáṣọ̀n fígàn."

Lùkúmọ́nù dá abẹ́rẹ́ dúró. "Ẹ̀gàn? Wọ́n ti wá ń kọ́ yín ní ẹ̀gàn nílé ìwé?"

"Fígàn, Bàbá! Àwọn tí kì í jẹ ẹran, tí kì í jẹ ẹyin, tí kì í mu wàrà."

"Dókítà ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ́?"

"Ó tì. Ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n sì lówó?"

"Dáadáa."

Lùkúmọ́nù mi orí. Láti ìgbà Iléyá ni ẹran ti kan ẹnu òun gbẹ̀yìn, òun kò sì mọ̀ pé ó lórúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Á jẹ́ pé èmi náà ti ń ṣe fígàn tipẹ́. Máa kà á lọ."

"Wọn kì í wọ wúùlù."

"Ohun tó wúlò ni wọn kì í wọ̀? Kí wá ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń rìn níhòòhò?"

"Wúùlù! Irun àgùntàn!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nínú ooru Ṣábẹ̀ẹ́ yìí, irun àgùntàn ò wúlò lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ wọn jọra."

Safiatou fọwọ́ lérí. "Wọn kì í sì í wọ lẹ́dà."

Ojú Lùkúmọ́nù tàn. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́n! Ohun tó bá ti lẹ́dà, ayédèrú ti wọ̀ ọ́. Sọ fún wọn lọ́la pé bàtà bàbá rẹ kò lẹ́dà. Láti ibí títí dé Kaboua, kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Lẹ́dà ni awọ. Èyí tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yẹn, lẹ́dà ni."

"Awọ màlúù yìí?"

"Òun gan-an. Wọ́n ní ìkà ni. Wọ́n ní kí ẹranko má kú nítorí bàtà."

Awọ bọ́ lọ́wọ́ Lùkúmọ́nù. "Ta ló pa màlúù nítorí bàtà níbí? Ọbẹ̀ ló pa á! Kí ni wọ́n wá ń wọ̀ sẹ́sẹ̀?"

"Fígàn lẹ́dà. Awọ tí kì í ṣe awọ. Ike ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn."

"Ike! Irú sálúbàtà tí Florent ń tà lẹ́bàá títì?"

"Ó jọ ọ́."

"Háà! Florent ti di ẹni mímọ́, èmi di ìkà!"

Ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọmọ ṣì wà níwájú. Ó tún fìlà dé, ó na ọrùn, ó sì fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. "Ó yá, èmi ni olùdánwò. Omidan, kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?"

Safiatou fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, kíá bí ẹni tó ń sáré kọjá lójú òjò.

"Kí lo sọ?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. "Mo ní oníṣòwò ni yín."

"Oníṣòwò kí ni?"

"Oníṣòwò ṣáá."

"Lẹ́dà ńkọ́?"

"Bàbá, ìwé tí wọ́n fẹ́ fi dán mi wò ló pè é ní ìkà. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, kí ni wọ́n á rò?"

Lùkúmọ́nù mú awọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ náà gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. "Oníṣòwò náà dáa," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Máa kàwé rẹ, kí o má baà gbàgbé wúùlù."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí Safiatou sáré dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́.

"Bàbá, wọ́n bi mí pé kí ni iṣẹ́ yín!"

Lùkúmọ́nù kò gbójú sókè. "O sì ní oníṣòwò."

"Ó ti wà lẹ́nu mi. Mo bá wolẹ̀, mo rí bàtà tẹ́ ẹ rán fún mi lẹ́sẹ̀ mi. Ẹnu mi kò gbà á mọ́. Mo ní bàtà lẹ́dà ni bàbá mi ń ṣe. Ìgbà tí ara mi wá gbóná, mo fi èdè wa kún un pé kò lẹ́dà!"

"Yéè! Kí ni olùdánwò ṣe?"

"Ọmọ Okpara nítòsí ibí ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo yege. Ló bá ní ibo ni ìsọ̀ yín wà."

Lùkúmọ́nù fò dìde. "Ó fẹ́ ra bàtà?"

"Rárá o. Bó ṣe dìde láti kí mi kú oríire ni bàtà tiẹ̀ ya. Ó ṣì wà nílé ìwé báyìí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró."

Safiatou yọ bàtà dúdú kan jáde nínú àpò. Ó ń dán, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lanu bí ọ̀nì. Lùkúmọ́nù gbà á, ó fi èékánná họ ọ́. Dídán náà bó wálẹ̀ bí èèpo. Ike ni. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí ẹní, bí ẹni tẹ́ òkú, ó sì ṣí fìlà.

"Padà lọ bá ọ̀gá yẹn, kí o sọ fún un pé àwọn fígàn á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹranko kankan kò kú nínú bàtà yìí. Bàtà nìkan ló kú."