Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè De Sọ́rì Mọ́lẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, lọ́mọdé lágbà, ẹ gbọ́ o! Kó, kó, kó!

Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń fárí, kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ ná, orí ò ní sá lọ. Àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Akínlàjà! Ohùn akéde ọkùnrin ló há, ni wọ́n bá gbé agogo fún èmi Ìyá Dúródọlá, tóhùn tèmi kì í há. Ẹnu akéde lẹ ń gbọ́, ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ ni.

Láti òní lọ, wọ́n ti de sọ́rì mọ́lẹ̀! Wọ́n ti dè é o! Ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré bí ẹyin aláǹgbá, ó ti jẹ gbogbo ìkíni wa tán nílùú yìí!

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé. Ohun tó dé rèé. Ọjọ́ kẹsàn-án sí òní, òbúkọ Baálẹ̀ fi ìwo gbá ìkòkò aró ìyàwó rẹ̀, Màmá Ànìkẹ́. Ìkòkò tí ìyá Màmá fi sílẹ̀ fún un! Ogójì ọdún ló ti ń fi í rẹ aṣọ! Ó fọ́ wẹ́wẹ́. Aró ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Baálẹ̀ ń ta ayò lọ́wọ́. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó ní, "Sọ́rì." Ó sì ń ta ayò rẹ̀ lọ!

Ìkòkò aró fọ́, aró ṣàn lọ o,
Sọ́rì ló ní, sọ́rì!
Ọmọ ayò ló dì mú, kò di aya mú o,
Sọ́rì ló ní, sọ́rì!

Ó tó, ẹ má gbè é mọ́. Baálẹ̀ ní orin ò sí nínú iṣẹ́ tóun rán.

Bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá ti ń gbọ́ sọ́rì yìí lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Baálẹ̀ fẹ́ kọjá láàárín èèyàn méjì: sọ́rì. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí: sọ́rì? Aládùúgbò wá yá àkàbà: sọ́rì, ìyẹn ni pé kò ní í yá a. Ó sín: sọ́rì. Ó tẹ adìyẹ lẹ́sẹ̀: sọ́rì! Ni Màmá bá nu ojú, ó ní, "Baálé mi, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún adìyẹ náà lẹ fi ń bá mi kẹ́dùn?" Ó di ẹrù, ó gba agboolé Alápò lọ, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé! Gààrí ni Baálẹ̀ ń mu. Òbúkọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, òbúkọ ò dá a lóhùn. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ padà wálé. Ìdí àṣẹ yìí nìyẹn, ẹ má sọ pé akéde ló sọ fún yín.

Àṣẹ kìíní! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wí sọ́rì fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù là ń wí! Ẹni tó bá rú u, ìdí igi ìyeyè ni yóò jókòó sí. Gbogbo ewé tó bá já bọ́, yóò máa kí igi náà: ẹ kú ara fẹ́ra kù! Ewé kọ̀ọ̀kan! Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú! Àsìkò ọyẹ́ la sì wà yìí o!

Àṣẹ kejì! Ẹni tó bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò! Kó gbé ẹsẹ̀ kúrò ná! Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró sórí ọmọ-ìka ẹlòmíì tẹ́ ẹ ó máa sọ́rì sọ́rì. Ìjìyà: ọjọ́ márùn-ún, bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ méjèèjì!

Àṣẹ kẹta ti bọ́ lórí akéde. Ẹ má rú u ṣá.

Àṣẹ kẹrin! Ó kan Tíṣà Jáiyéọlá. Tíṣà ní sọ́rì ò jẹ̀bi, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀. Baálẹ̀ ní kó kọ gbogbo iṣẹ́ náà sára ògiri. Ó kọ mọ́kànlá, ṣọ́ọ̀kì tán. Òun náà ní sọ́rì! Ìyẹn di ìkejìlá! Tíṣà yóò fi ahọ́n... rárá, àkísà ni wọ́n wí, àkísà ni yóò fi nu ògiri.

Ta ló ń pariwo pé kí Baálẹ̀ kọ́kọ́ jẹ ìyà tiẹ̀? Ẹ dúró, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún! Baálẹ̀ ní kí akéde dúró síwájú agboolé Alápò níbí, kó pariwo: Màmá Ànìkẹ́, ẹ kú òfò ìkòkò o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi...

Ẹ dákẹ́! Màmá ti jáde. Wọ́n ní kí ni? Wọ́n ní, "Ìyá Dúródọlá, ṣé ìwọ lò ń ta ayò nígbà tí ìkòkò mi fọ́? Kí ẹni tó ju sọ́rì lù mí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá!"

Ẹ yà lọ́nà! Ta lẹni tó faṣọ borí lẹ́yìn èrò un? Yéè, Baálẹ̀ ni! Ó ti ń tọ agogo lẹ́yìn bọ̀! Ó ti ṣí aṣọ lórí. Ó ti dé iwájú ìyàwó rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó ní, "Sọ́..." Háà! Ó gbé e mì! Ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀! Baálẹ̀ ti lóṣòó! Ó ní, "Ànìkẹ́, o kú òfò. Ìkòkò ìyá rẹ ni. Mo rí i, mo sì ń ta ayò. Mi ò ṣe é dáadáa."

Màmá fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ síta. Wọ́n ní, "Ẹ dìde. Ẹ pẹ̀lẹ́, orúnkún yín." Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò padà sílé tí kò níkòkò.

Àṣẹ tuntun, ẹnu Màmá ló ti jáde, Baálẹ̀ ti mi orí sí i! Láti àárọ̀ ọ̀la, Baálẹ̀ ń lọ wa amọ̀ létí odò. Orí ara rẹ̀ ni yóò fi rù ú, títí ìkòkò tuntun yóò fi jinná. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, kó má rẹ́rìn-ín, kó má sọ òyìnbó. Kó kí i pé: ẹ kú iṣẹ́ o, Baálẹ̀, ẹ kú ẹrù!

Wọ́n rán akéde, akéde ti jíṣẹ́. Etí yín ló kù. Kó! Kó! Kó!