Kọ̀ǹpútà Ìkórè Ẹnjiníà Dúrójayé

Ẹ bá mi kí Ẹnjiníà Nathaniel Dúrójayé, Atẹbọ́tìnì-má-wojú-ẹ̀! Gbogbo Aramọkọ mọ̀ pé òun nìkan ló gbọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó padà wálé. Bí ọlọ́kadà bá kí i láìfi "Ẹnjiníà" sí i, kì í dáhùn.

Oyè Bàbá Ìjọ ṣí sílẹ̀. Àlùfáà ní ọjọ́ ìkórè ni òun máa kéde ẹni tó kàn. Láti ìgbà náà, ọkàn Dúrójayé kò balẹ̀ mọ́.

Ẹ kúkú mọ ìkórè wa. Wọ́n á pe ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ìdílé náà á jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Ẹni tí a bá pè tí kò jó jáde, ojú á tì í títí di ọdún mìíràn. Inú kọ̀ǹpútà ìjọ ni a tọ́jú orúkọ àwọn ìdílé sí, ètò àtijọ́ kan ló sì ń gbé wọn jáde. Kò dán, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Dúrójayé ra ètò tuntun fún ìjọ, èyí tó ń fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sára aṣọ funfun lára ògiri. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ètò kékeré tó ń bá a lọ mú orúkọ wá níbi tí a tọ́jú wọn sí. Dráífà ni wọ́n ń pè é. Dráífà àtijọ́ àti ti tuntun kọ̀ láti jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà sì kìlọ̀ pé bí wọ́n bá yọ ti àtijọ́, àwọn orúkọ náà kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Florence ìyàwó rẹ̀ ka ìkìlọ̀ náà sókè. "Bàbá Abigail, ẹ ò ṣe gbé tuntun yìí sórí kọ̀ǹpútà ilé, kí ti ìjọ wà bó ṣe wà?"

"Ìyá Abigail, ṣé kọ̀ǹpútà ló máa wá kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà?"

Ó tẹ bọ́tìnì, ti àtijọ́ lọ. Ó wá tẹ orúkọ ara rẹ̀ wọlé láti fi dán an wò. Ó ń dán yinrin. Ó tún un tẹ léraléra, ó ń fi oyè kún un. Ó dùn mọ́ ọn débi pé kò rántí wo ibi tí orúkọ àwa yòókù wà.

Ní ìpàdé, ó pàṣẹ fún Priscilla, akọ̀wé ìjọ: "Ohun tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde ni kí ẹ kà. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ìkankan."

Ọjọ́ ìkórè pé. Mo wà láàárín àwọn akọrin, kò sí èyí tí n kò rí.

"Ìdílé Ẹnjiníà Dúrójayé!"

Ó gbé iṣu léjìká, ó jó jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìdílé Olóyè Ẹnjiníà Dúrójayé!"

Ẹ̀rín dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jó.

"Ìdílé Olóyè Ẹnjiníà Dúrójayé, Ìmọ́lẹ̀ Aramọkọ!"

"Arábìnrin, ẹ fo ìyẹn," ó rọra sọ.

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ fò ó, sà," Priscilla dáhùn sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kí n purọ́ ni? Àwa akọrin tún mú orin yá sí i ni. "Ìmọ́lẹ̀ Aramọkọ àti Agbègbè Rẹ̀" jó jáde, agbádá ti wọ́lẹ̀. Iṣu tán lọ́wọ́ rẹ̀, Florence na ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sí i.

Màmá Ẹ̀yínadé, àgbà jù lọ nínú ìjọ, fi ọ̀pá dìde. "Dúrójayé, ulé tìrẹ nìkan ni mo ń gbọ́. Ulé tèmi dà? Láti Ìdó-Ilé ni mo ti ru uṣu wá o."

Ẹnjiníà jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mi ò mọ ibi tí orúkọ yòókù wà, Màmá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀. Àánú rẹ̀ tiẹ̀ ṣe mí.

Àlùfáà ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, ó sì fi ẹnu pe ìdílé yòókù. Ládélé, àgbẹ̀ kòkó, ni wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ètò tuntun lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé bí Florence ṣe wí, wọ́n dá dráífà àtijọ́ padà sí ti ìjọ, orúkọ gbogbo wa sì yọ.

Dúrójayé náà kò ṣàìgba oyè. Bó bá ti yọ sí títì, àwọn ọlọ́kadà á pariwo: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Gbogbo Ìdílé!"

Ó sì ti ń dáhùn.