Nọ́ọ̀tì Alàgbà Láwọyin

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà agbègbè wa fi ń pa á lówe pé, "Bí wọ́n bá ní nọ́ọ̀tì rẹ ti tú, wo ẹ̀yìn alùpùpù rẹ kí o tó bínú"? Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn, ẹ sì ń pa á kiri. Ẹni tó ń pa òwe tí kò mọ ìdí rẹ̀ dà bí ẹni tó wọ bàtà olóbàtà: yóò rìn, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni yóò gbọ́ bí bàtà ṣe ń pariwo. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sílé.

Ní abúlé Ìdí-Ẹmi, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alàgbà Láwọyin. Olódodo ènìyàn ni, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá ohun tó tọ́ sí i. Kì í parọ́, kì í mutí, bó bá sì ní òun ń bọ̀, yóò dé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbà pé òun ni Ọlọ́run dá láti máa kìlọ̀ fún ènìyàn. Kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè kìlọ̀ fún òun. Ní kùtùkùtù ni yóò ti máa lu agogo kiri pé kí oníkálùkù jáde wá gbá iwájú ilé rẹ̀. Nítorí agogo yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé nọ́ọ̀tì Alàgbà ti tú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ kò dúró mọ́ ibi tí Ẹlẹ́dàá dè é mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ta sí i létí, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Láwọyin ní alùpùpù kan, ó sì ní àpótí onírin lẹ́yìn rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè mọ́ ìdérí àpótí náà, ara irin yìí ni àgádágodo rọ̀ sí. Àgádágodo náà tóbi bí ìkúùkù àgbàlagbà. Láràárọ̀ ni Láwọyin máa ń fà á wò, yóò mi orí, yóò ní, "Olè yóò sunkún lórí èyí." Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó gbé àgádágodo dúró, kò wò ó rí. Ọ̀nà Ìdí-Ẹmi sì rèé, kòtò àti gegele ni. Ọ̀nà tó lè mi eyín nínú ẹnu, kí ni yóò fi nọ́ọ̀tì ṣe?

Ọ̀rọ̀ eyín gan-an ló kó wa dé ibi tí a ń lọ.

Ìdí-Ẹmi àti abúlé kejì wọn, Olókùúta, ń du odò kékeré kan. Odò yìí nìkan ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ Olókùúta, àwọn obìnrin Ìdí-Ẹmi yóò di ẹni tó ń tọrọ omi mu. Ẹjọ́ dé iwájú Olú, ọba tó ń ṣàkóso abúlé méjèèjì. Láàfin Olú sì rèé, èèwọ̀ ni kí Baálẹ̀ rán ẹlòmíràn ní ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́ títí Olú fi gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ̀bi nìyẹn.

Baálẹ̀ Gbọ́lágadé tó jẹ́ olórí Ìdí-Ẹmi kò sì ní eyín kankan mọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí ẹjọ́ náà, ohun tó fẹ́ sọ ni pé, "Ìsun odò yìí, ilẹ̀ wa ló wà." Atẹ́gùn gba àárín èrìgì rẹ̀ kọjá, ohun tí ayé gbọ́ ni, "Ìfun odò yìí, ilẹ̀ wa ló wà."

Baálẹ̀ Olókùúta fò dìde. "Kábíyèsí, ẹ gbọ́ o! Ẹ bá mi bi í, ẹ̀dọ̀ odò ńkọ́? Fùkù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé odò ni àbí ewúrẹ́?"

Ẹ̀rín tú ilé ká. Olú náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá dá ọjọ́ mìíràn, ó ní ìyẹn ni yóò parí ẹjọ́. Baálẹ̀ Gbọ́lágadé búra pé òun kò ní la ẹnu láàfin mọ́ láìsí eyín. Wọ́n bá lọ ṣe eyín fún un lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní ìgboro. Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ gan-an ni oníṣègùn ránṣẹ́ pé eyín ti ṣe tán.

Baálẹ̀ pe Láwọyin. Ó ní, "Tìrẹ nìkan ni alùpùpù tó ní àpótí tó ṣeé tì. Ìwọ ni kí o lọ gbé e. Ààfin ni kí o bá mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Baálẹ̀," ni Láwọyin wí. "Bí eyín yìí bá sọnù, kí ẹ fa tèmi yọ."

Ó dé ìgboro, oníṣègùn kó eyín sínú ike kékeré olómorí, Láwọyin gbé ike sínú àpótí, ó ti àgádágodo pa, ó fi okùn kọ́ kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Ó fa àgádágodo wò. Ó mi orí. Ó gbéra.

Kò tíì jáde kúrò ní ìgboro tí obìnrin aláàkàrà kan fi dìde lẹ́bàá agbada rẹ̀.

"Bàbá! Bàbá alálùpùpù! Nọ́ọ̀tì yín ti tú o!"

Láwọyin dẹ eré díẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin náà ni sà! Ó ti tú, ó kù díẹ̀ kó jábọ́!"

"Ti baba tó bí ọ ló tú!"

Ẹ wo ohun tí ìbínú ń ṣe. Ọkùnrin tí kò bú ènìyàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í jẹ alàgbà! Obìnrin náà fi ṣíbí àkàrà bo ẹnu, Láwọyin tẹ alùpùpù mọ́lẹ̀, ó lọ.

Ó dé ibi tí àwọn bíríkìlà ti ń mọ ilé. Ọ̀kan nínú wọn, Kàsálí, wà lórí ògiri. Ó rí irin àgádágodo tó ń mì lẹ́yìn alùpùpù, ó sì kígbe, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn rẹ̀. Ló bá gbé ọwọ́ sókè lẹ́bàá etí rẹ̀, ó ń yí ìka, ó ń yí ìka, bí ẹni tó ń yí nọ́ọ̀tì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnì kan bá dojú kọ yín tó ń yí ìka lẹ́bàá etí báyìí, kí ni ẹ̀yin yóò rò? Láwọyin náà rò ó. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún yín láti Ìdí-Ẹmi?"

Kàsálí bẹ́ sílẹ̀ láti orí ògiri. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, bàbá. A fojú ara wa rí i ni. Nọ́ọ̀tì yín ń mì. Ẹ jẹ́ n dè é fún yín, kò ní pẹ́."

"Dè kí ni?"

"Kí n dè é, kó má baà burú ju báyìí lọ."

"Háà! Ìwọ fẹ́ dè mí?" Láwọyin mọ̀ pé wèrè ni wọ́n máa ń dè. "Èmi alàgbà! Lójú ọ̀sán gangan!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó wàásù lórí ọmọ tí kò mọ àgbà, ó wàásù lórí ìran tó ń bàjẹ́, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti wúwo ló ń fi ọwọ́ lu ìdérí àpótí, gbà! gbà! gbà! Bó ṣe ń lù ú ni nọ́ọ̀tì ń jáde. Ìwàásù parí, nọ́ọ̀tì méjì ti wà nínú yanrìn, Láwọyin sì ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni ìwàásù náà o. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò sí níbẹ̀.

Níwájú, àwọn ewúrẹ́ dí ọ̀nà, ó rọra ń kọjá. Ìyá arúgbó kan ń sá láfún lórí àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì kan tún já, ó ta, ó bọ́ sínú láfún. Ìyá náà mú un.

"Ọkọ mi, dúró! Nọ́ọ̀tì rẹ rèé! Wá gbà á, kí o má baà dé ilé láìní i, kí wàhálà má bá ìyàwó rẹ."

Láwọyin kò bojú wẹ̀yìn. "Ìyá, ẹ̀yin náà? Pẹ̀lú ewú orí yín?" Bó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ló sọ ọ́, a lè ní ìríra ni. Ṣùgbọ́n aláàkàrà, bíríkìlà, arúgbó! Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fura sí orí ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan tẹ fìlà mọ́lẹ̀ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ má baà dà nù, ó sì sá.

Kàsálí ti ṣa nọ́ọ̀tì inú yanrìn, ó mú sípánà, ó gun alùpùpù tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá arúgbó dá a dúró lọ́nà. "Gbé mi, ọmọ mi, èmi náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́." Ó gbé e. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi rí Láwọyin tó fò lórí gegele kan níwájú. Nọ́ọ̀tì kẹrin já dànù, ìdérí àpótí ṣí, ike kékeré fò jáde bí ìrẹ̀, ó bọ́ sínú koríko. Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un, ó ṣí i.

"Yéè! Ọkùnrin yìí sáré débi pé eyín rẹ̀ bọ́!"

Wọ́n fi ariwo sí i. "Ẹ dúró o! Eyín yín ti bọ́! Eyín yín wà lọ́wọ́ wa!"

Láwọyin gbọ́. Ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀ wò, ó pé. "Wọ́n ti kúrò lórí nọ́ọ̀tì," ló wí fún ara rẹ̀, "eyín mi ni wọ́n fẹ́ yọ báyìí." Ó fi gbogbo agbára alùpùpù sá wọ ààfin.

Láàfin, Baálẹ̀ Olókùúta ti sọ tirẹ̀ tán, ó ti jókòó. Olú ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo Baálẹ̀ Gbọ́lágadé tó pa ẹnu dé bí igbá tí wọ́n fi ẹrẹ̀ lẹ̀. Àwọn obìnrin Ìdí-Ẹmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò lè mí. Àfi gìdìgìdì, Láwọyin já wọlé tòun ti alùpùpù.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ dè mí!"

Baálẹ̀ Gbọ́lágadé nawọ́ sí àpótí. Láwọyin rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó di àgádágodo mú, ó ṣí i. Ó ti ṣí i tán kó tó rí i pé ara irin lásán ló rọ̀ sí, pé ìdérí ti yà gbàgà tipẹ́. Ó wo inú àpótí. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí bọ̀ ọ́.

Baálẹ̀ Olókùúta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìdí-Ẹmi, ẹ kú ìrọ́jú o. Baálẹ̀ yín kò léyín, alàgbà yín kò ní nọ́ọ̀tì."

Baálẹ̀ Gbọ́lágadé wo Láwọyin, ó sì fi ìka tọ́ka sí eyín ọkùnrin náà. Láwọyin fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Gbọ́lágadé," ni Olú wí, "ṣé o ní ọ̀rọ̀?"

Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Ó dé orúnkún Olú. Ó kọjá orúnkún.

"Ẹ dúró o!" Kàsálí ló ń sáré bọ̀, ìyá arúgbó sì tẹ̀ lé e, ó gbé ike sókè. "Ta ló leyín?"

Abẹ̀bẹ̀ dúró sójú kan. Baálẹ̀ Gbọ́lágadé já ike gbà, ó fi omi ṣan eyín, ó fi í sẹ́nu, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó dìde.

"Kábíyèsí, ìsun odò yìí, ilẹ̀ wa ló wà!"

"Ìsun!" ni àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà kígbe. "Ìsun ló pè é!" Wọ́n dì mọ́ ara wọn, omi ẹkún ayọ̀ ń bọ́ lójú wọn.

Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ ibi tí omi ti ń sun, ó sọ igi ẹmi tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi sọ abúlé lórúkọ. Olú dá a pé Ìdí-Ẹmi ló ni ìsun, pé wọn kò sì gbọdọ̀ dí omi tó ń ṣàn lọ bá Olókùúta. Oníkálùkù mí kanlẹ̀. Láwọyin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí.

Ìyá arúgbó fi nọ́ọ̀tì lé e lọ́wọ́, láfún ṣì wà lára rẹ̀. Láwọyin wò ó títí.

"Ọmọ mi, nọ́ọ̀tì yìí lo fẹ́ dè?"

"Kí ni ìbá tún jẹ́, bàbá?"

"Kì í ṣe èmi?"

"Ẹ̀yin? Kí ni mo fẹ́ fi yín ṣe?"

Alàgbà sọkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ara òun ti fúyẹ́, pé àṣé orí òun pé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá arúgbó, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kàsálí, ó ní bí òun bá ti ń padà, òun yóò yà lọ bẹ aláàkàrà. Kàsálí yọ sípánà, ó fi wásà, òrùka irin pẹlẹbẹ, sábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó wá nọ́ọ̀tì kan dípò èyí tó sọnù, ó dè wọ́n le. Ó ní ọ̀nà yìí yóò tún tú wọn bí a kò bá kán ọ̀dà èékánná sí ẹsẹ̀ wọn kó gbẹ mọ́ wọn. Olorì bọ́ síwájú, ó mú tirẹ̀ wá, pupa fòò. Ọ̀dà tí Láwọyin ti bá gbogbo obìnrin ìjọ jà lé lórí! Ó wò ó, ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó ní, "Kán an, ọmọ mi. Kán an dáadáa."

Baálẹ̀ Gbọ́lágadé tí kò tíì sọ̀rọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ tí kò fi léyín wá dìde láàárín èrò. Ó ní, "Láwọyin, gbọ́, kí gbogbo ilé gbọ́. Bí wọ́n bá ní nọ́ọ̀tì rẹ ti tú, wo ẹ̀yìn alùpùpù rẹ kí o tó bínú."

Baálẹ̀ Olókùúta tí ẹjọ́ ń dùn fẹ́ bà á jẹ́. "Èmi tí n kò ní alùpùpù ńkọ́, tí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi?"

"Ìwọ?" Baálẹ̀ Gbọ́lágadé fi gbogbo eyín tuntun rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ tètè ń bínú, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ kìlọ̀ fún, ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ní nọ́ọ̀tì rẹ ti tú, wo ẹ̀yìn alùpùpù rẹ kí o tó bínú.