Bí Àṣàbí Ṣe Gba Ìtẹ́ Padà fún Àkàrà

Ẹ yà fún un o! Morẹ́nikẹ́ Àṣàbí ń bọ̀, ọmọ afíngbá Ọ̀yọ́, ọmọ àwọn tó fi ọ̀bẹ tíntìntín fa ìlà yí igbá po títí tí ìlà fi bá ara rẹ̀ pàdé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń bú ramúramù bíi kìnnìún lórí kọ̀ǹpútà!

Ìwé ìròyìn Ojúmọmọ ti bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀. Àṣàbí ni yóò ya ìdáhùn wọn sínú àwòrán róbótó bí ojú igbá, kí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí. Ọ̀gá Fátóyìnbó, olóòtú tí mọ́ínmọ́ín kún ẹnu rẹ̀, sì ti kìlọ̀:

"Tí aago méjìlá bá lù tí kò tíì parí, ìpolówó ọṣẹ ni mo máa fi dí àyè yẹn o."

Àṣàbí gba ìwé lọ́wọ́ Dáúdà akọ̀ròyìn, ó kọjú sógun. Àkàrà gba 43. Mọ́ínmọ́ín gba 45, ó gorí ìtẹ́. Ẹ̀wà gba 22. Háà! Ẹ̀wà ya lu àkàrà, ó gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ ogun tó wọ̀lú láìkanlẹ̀kùn! Ọgọ́rùn-ún ẹnu ni wọ́n bi, àádọ́fà ló dáhùn!

Ìtìjú ní kó dákẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá. Ni ẹ̀jẹ̀ afíngbá bá hó lára rẹ̀, ó dìde (ẹ gbọ́, ó dìde!), ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin gbáko dé iwájú Dáúdà.

"Bọ̀ọ̀dá Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín ka ti mọ́ínmọ́ín?"

"Màmá mi ni. Wọ́n ní márùndínlógójì. Ogójì, pẹ̀lú márùn-ún. Àbí o ò mọ ìṣirò ni?"

"Mo mọ díẹ̀, sà. 'Dín' tó wà láàárín ńkọ́? Ṣé àlejò ni?"

Dáúdà ka ìka ọwọ́, ó ka tẹsẹ̀ mọ́ ọn nínú bàtà.

"Yéè! Jọ̀ọ́, má sọ fún màmá mi o."

Àṣàbí, ẹni tí ìyá àgbà fi hóró àgbàdo kọ́ ní dín àti lé kí eyín rẹ̀ tó ká, padà sójú ìjà. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó sọ 45 di 35. Ilẹ̀ tí mọ́ínmọ́ín jí gbé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ẹ̀wà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àkàrà; ìlà bá ìlà pàdé bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ọ̀gá Fátóyìnbó wo àwòrán náà, ó gbé mọ́ínmọ́ín ẹnu rẹ̀ mì láìrún un.

"Àkàrà ló wọlé?"

"Àkàrà ni, sà."

Ẹ kéde rẹ̀ dé ìdí gbogbo agbada alákàrà! Ọgọ́rùn-ún ẹnu ti pé ọgọ́rùn-ún, ọba tòótọ́ ti gorí ìtẹ́, ìpolówó ọṣẹ ti sá lọ sí ojú ìwé keje! Lábẹ́ róbótó náà, lẹ́tà tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ sì ń ké tantan: Àṣàbí ló yà á!